Fífi Èéfín Yan Ẹran àti Fífi Iná Jẹ́jẹ́ Sè É Nínú Ilé

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé fúláàtì ló ti gbà pé ẹran tí èéfín wọ̀ lára kò sí fún àwọn mọ́, àfi èyí tí wọ́n bá rà lọ́wọ́ àwọn alásun. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń dí wa lọ́wọ́ ni pé a fẹ́ gbé ààrò ẹ̀yìnkùlé wọ kíṣìnì bó ṣe wà, ààrò tó jẹ́ pé iná kan náà ló ń yan ẹran, tó ń mú un gbẹ, tó sì ń sè é jinná láti àárọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Nínú ilé, ńṣe la gbọ́dọ̀ ya iṣẹ́ méjèèjì sọ́tọ̀. Èéfín kò gbà ju ìṣẹ́jú 15 sí 30 lọ, nínú ìkòkò tí a dé pinpin. Sísè ló ń gba wákàtí 3, 4, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, lórí iná tí kò le rárá. Bí ẹ bá ka èéfín sí èròjà amóúnjẹdùn, gẹ́gẹ́ bí iyọ̀ àti ata, tí ẹ kò kà á sí iná tí yóò se ẹran, gbogbo ohun tó kù nínú ìtọ́sọ́nà yìí yóò tètè yé yín.

Àwọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Houston ní ìdí tiwọn pẹ̀lú. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gbà kí èrò ọkọ̀ òfuurufú kó ẹran láti Nàìjíríà wọlé nínú ẹrù rẹ̀, ì báà jẹ́ ẹran gbígbẹ tí ìyá ẹni fi ọ̀rá mẹ́ta wé. Ti Amẹ́ríkà náà kò gbà á. Ẹran tí wọ́n bá fẹ́ kí èéfín wọ̀ lára, ibẹ̀ náà ni wọn yóò ti yan án.

Ohun tí kò gbọ́dọ̀ wọlé

Kí a tó gbé ìkòkò kaná, ẹ jẹ́ ká parí ọ̀rọ̀ èédú ná. A kì í jó èédú nínú ilé láti fi yan ẹran, ì báà jẹ́ nínú àdògán kékeré, ì báà jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Èédú tó ń jó máa ń tú gáàsì carbon monoxide sílẹ̀, èyí tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn. Òun náà ni gáàsì inú èéfín jẹnẹrétọ̀ tó ti pa odindi ìdílé mọ́jú. Bó bá wọ inú ẹ̀jẹ̀, á gba ipò oxygen tí ara nílò, orí á máa fọ́ èèyàn, òòyì á máa kọ́ ọ, oorun á sì gbé e lọ kó tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Fèrèsé tó ṣí sílẹ̀ kò tó láti gbani lọ́wọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni èédú tí eérú ti bò, tó dà bíi pé ó ti kú, ṣì ń tú u jáde. Ẹ̀rún igi ṣíbí méjì tí a óò lò nínú ìkòkò kò tó ohun tí à ń fi èédú wé, síbẹ̀ òun náà ń fẹ́ fèrèsé tó ṣí sílẹ̀ àti fáànù tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde.

Ohun kejì tí ó yẹ kí ẹ fi sílẹ̀ ni èéfín tútù, ìyẹn kí ẹran tútù wà nínú èéfín tí kò gbóná ju 30°C lọ fún ọ̀pọ̀ wákàtí láìjinná. Láàárín 5°C sí 60°C ni kòkòrò àrùn ti máa ń pọ̀ sí i kíákíá nínú ẹran. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà dunjú máa ń lo iyọ̀ pàtàkì tó ní nitrite nínú, èyí tó ń dènà kòkòrò tó ń fa àrùn botulism, wọ́n sì máa ń fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n gíráàmù kọ̀ọ̀kan, nítorí pé bó bá ti pọ̀ jù, májèlé ni. Iṣẹ́ yẹn kì í ṣe ti kíṣìnì fúláàtì.

Ìkòkò àti bí a ṣe ń tò ó

Ìkòkò tó nípọn, tó ní ìdérí tó bá ẹnu rẹ̀ mu rẹ́gí, ló dára jù. Ìkòkò irin dúdú tó wúwo kò ní ẹgbẹ́. Ẹ má lo ìkòkò tí wọ́n fi èròjà kun inú rẹ̀ kí oúnjẹ má bàa lẹ̀ mọ́ ọn, nítorí pé èròjà náà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í túká bí ìkòkò bá gbóná kọjá 260°C, ìkòkò tí omi kò sí nínú rẹ̀ sì lè dé ibẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Èéfín rẹ̀ lè pa ẹyẹ tí à ń sìn nínú ilé. Ní ti ìkòkò tí àwọn alágbẹ̀dẹ wa máa ń yọ́ àlùmíníọ̀mù àlòkù dà, a lè lò ó fún èéfín, nítorí pé ẹran kò ní fara kàn án. Ṣùgbọ́n ẹ má fi se ẹran àti tòmátò fún wákàtí mẹ́rin. Àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe sí irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ ní Kamẹrúùnù fi hàn pé òjé (lead), irin tó jẹ́ májèlé fún ara, máa ń wà nínú rẹ̀, ohun tó bá kan lẹ́nu bíi tòmátò sì máa ń fà á jáde sínú oúnjẹ. Ẹni tí sítóòfù rẹ̀ jẹ́ oníkẹrosíìnì, kó wá ibòmíràn yan tirẹ̀, torí pé òórùn kẹrosíìnì á ti wọ ara ẹran kí èéfín tó dé ibẹ̀.

Bí a ṣe ń tò ó nìyí. Ẹ tẹ́ fóìlì onípele méjì sí ìsàlẹ̀ ìkòkò, kí ẹ jẹ́ kó gun ara ìkòkò sókè díẹ̀. Ẹ da ẹ̀rún igi sí àárín rẹ̀ gan-an, níbi tí iná yóò ti mú un. Ẹ ṣẹ́ fóìlì mìíràn bí àwo pẹrẹsẹ, kí ẹ gbé e lé orí ẹ̀rún igi náà láìfi bò ó pátápátá. Àwo yìí ni yóò máa gba ọ̀rá àti omi tó bá ń kán. Iṣẹ́ rẹ̀ ju ìmọ́tótó lọ. Ọ̀rá tó bá kán sórí igi tó ń jó máa ń di èéfín dúdú tó ní àwọn èròjà bíi benzo[a]pyrene, tó ń fa àrùn jẹjẹrẹ, èéfín náà yóò sì padà lọ lẹ̀ mọ́ ẹran. Lẹ́yìn èyí, ẹ gbé àwọ̀n irin kan kalẹ̀ lórí fóìlì mẹ́ta tí a ká roboto, kó lè ga tó sẹ́ńtímítà 5 sí ẹ̀rún igi. Ẹ to ẹran sórí rẹ̀ láìjẹ́ kí ọ̀kan kan èkejì, kò sì gbọ́dọ̀ kan ìdérí. Ẹ fi fóìlì bo inú ìdérí pẹ̀lú, èyí yóò gbà yín lọ́wọ́ fífọ̀, kò sì ní jẹ́ kí omi dúdú tó bá dì sókè kán sórí ẹran.

Etí ìdérí ni èéfín ti ń sá jáde. Àwọn kan máa ń ká fóìlì yí i ká. Èyí tó tẹ́ mi lọ́rùn jù ni ìyẹ̀fun tí a fi omi pò títí tó fi le, tí a fi ọwọ́ yí gígùn, tí a wá fi lẹ etí ìkòkò pa. Iná á mú un gbẹ, á dì pinpin, ọ̀bẹ la ó sì fi ṣí i nígbà tó bá yá. Ẹ má fi aṣọ tútù dí i. Aṣọ máa ń gbẹ lẹ́bàá iná, ó sì máa ń jó.

Igi tí à ń lò

Igi tó le, tó sì ti gbẹ dáadáa, ni kí ẹ wá. Nínú igi ni èròjà kan tó ń jẹ́ lignin wà, tó jẹ́ pé bí iná bá ń jó o díẹ̀díẹ̀ láìrú, á di guaiacol àti syringol, àwọn méjèèjì tó ń fún èéfín ní adùn àti òórùn tí a mọ̀ mọ́ ọn. Nílé, igi ayin tí àwọn elédùú fẹ́ràn dára, bẹ́ẹ̀ náà ni igi gúáfà àti igi ọsàn. Ní etíkun láti Èkó dé Àgbádárìgì, èèpo àgbọn ni ọ̀pọ̀ obìnrin tó ń yan ẹja máa ń lò, ìwọ̀nba díẹ̀ rẹ̀ sì ṣe é lò fún adìyẹ. Ṣùkù àgbàdo tó ti gbẹ náà kì í ṣe ohun à ń sọ nù, èéfín rẹ̀ rọ̀ lẹ́nu. Ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà, wọ́n máa ń ta ẹ̀rún igi óákù, ápù àti hickory nínú ọ̀rá. Hickory lágbára, nítorí náà ẹ dín in kù.

Ẹ yàgò fún igi tó ní oje bíi páìnì, nítorí pé èéfín rẹ̀ korò, ó sì máa ń di ọ̀dà sára ẹran. Ẹ yàgò fún pákó tí wọ́n kùn, fún plywood, àti fún ẹ̀rún tí wọ́n ń gbá jọ ní ṣọ́ọ̀mílì, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò lè sọ iye irú igi tó dàpọ̀ níbẹ̀, tàbí oògùn ikán tí wọ́n fi pa á lára, tàbí òróró ẹ̀ńjìnnì tó kán sí i. Ìrókò àti irú igi bẹ́ẹ̀ tí eruku rẹ̀ ń rún àwọn káfíńtà nímú, ẹ jẹ́ kó wà nínú àga.

Bí kò bá sí igi kankan nítòsí, ẹ mú ọ̀nà àwọn ará Ṣáínà lò: ìdajì ife ìrẹsì tútù, ìdajì ife ewé tíì dúdú, àti ṣíbí ṣúgà méjì, kí ẹ pò wọ́n pọ̀ sórí fóìlì. Èèpo ọsàn gbígbẹ máa ń mú un dùn sí i. Ṣúgà ló ń fún ẹran ní àwọ̀, òun náà ló sì ń tètè jóná tí gbogbo rẹ̀ fi ń korò. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹ̀yà èéfín yìí kọjá ìṣẹ́jú 12 sí 15.

Rírẹ ẹ̀rún igi sínú omi jẹ́ ìmọ̀ràn tí gbogbo èèyàn máa ń gbà fún ara wọn, n kò sì rò pé ó wúlò nínú ìkòkò. Omi náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ di ooru tán kí igi tó lè rú èéfín, nítorí náà ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ á kàn lọ lórí fífi ooru bọ ẹran. Ẹ lò ó ní gbígbẹ, ṣíbí ìjẹun méjì péré. Ẹni tó bá da ife kan sí i kò ní rí adùn púpọ̀ sí i, ìkorò ni yóò rí, pẹ̀lú aago èéfín tí yóò máa ké lórí gbogbo ilé.

Itan ewúrẹ́, láti ọwọ́ alápatà dé orí àwo

Ẹran ewúrẹ́ ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé òun la mọ̀ mọ́ àsun, ó yi díẹ̀, ó sì máa ń dúró de iná jẹ́jẹ́. Ẹ ra itan tó tó kílò 2, kí ẹ ní kí alápatà gé e sí mẹ́ta ní oríkèé. Ẹ má jẹ́ kó gé e wẹ́wẹ́ bí ẹran ọbẹ̀. Ẹran kéékèèké máa ń gbẹ kó tó rọ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ kìíní, ẹ nu ẹran náà gbẹ, kí ẹ wá fi iyọ̀ ra gbogbo ara rẹ̀. Gíráàmù 15 ni mo máa ń lò fún kílò kan, nítorí náà kílò 2 yóò gba gíráàmù 30, tó jẹ́ nǹkan bíi ṣíbí ìpotíì márùn-ún tí a fi ọwọ́ gbá orí rẹ̀. Bí ẹ bá máa fi mágì sí i nígbà tó bá yá, ẹ dín iyọ̀ yìí kù, nítorí pé iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú mágì. Iyọ̀ á kọ́kọ́ fa omi jáde, lẹ́yìn wákàtí mélòó kan omi náà á padà wọnú ẹran tòun ti iyọ̀. Ẹ gbé e sórí àwọ̀n irin nínú fíríìjì láìbò ó, kó sùn síbẹ̀, ṣùgbọ́n kó wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá kó má bàa kán sórí oúnjẹ mìíràn. Ní òwúrọ̀, bí ẹ bá fi ìka kàn án, ẹ ó rí i pé ara rẹ̀ ti gbẹ, ó sì ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ díẹ̀. Ara tó rí bẹ́ẹ̀ ni èéfín máa ń dì mọ́. Tí omi bá ṣì wà lára ẹran, èéfín á yọ́ sínú omi náà, á sì ṣàn dànù bí omi dúdú tó korò. Ẹni tí kò bá ní iná ọba tó dúró lè fi fáànù fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n kó má kọjá wákàtí kan nínú ooru tiwa.

Ẹ má tíì fi ata ilẹ̀, aáyù tàbí àlùbọ́sà lílọ̀ pa á lára. Omi wọn á tún sọ ara ẹran di tútù, ìdajì wọn á sì jóná. Nínú iná jẹ́jẹ́ ni àyè wọn wà.

Ó ti di àkókò èéfín báyìí. Ẹ ṣí fèrèsé méjì tó kọjú síra kí afẹ́fẹ́ lè gba inú ilé kọjá, kí ẹ ti ilẹ̀kùn yàrá, kí ẹ kó aṣọ kúrò nítòsí, kí ẹ sì tan fáànù tó ń fa èéfín. Ẹ kọ́kọ́ wo irú èyí tí ẹ ní: àwọn kan ń fa afẹ́fẹ́ jáde síta, àwọn mìíràn kàn ń sẹ́ ẹ ni, tí wọ́n sì ń dá a padà sínú kíṣìnì, irú èyí kò sì wúlò fún èéfín. Ẹ má yọ bátìrì aago èéfín. Bí aago náà bá súnmọ́ kíṣìnì tó bẹ́ẹ̀ tó ń ké nígbà tí ẹ bá ń dín dòdò, ẹ dín ẹ̀rún igi kù sí ṣíbí kan, kí ẹ sì tún etí ìdérí dì dáadáa.

Ẹ gbé ìkòkò tí ẹ ti tò sórí iná àárín, kí ẹ ṣí ìdérí sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan bí ìbú ìka kan. Láàárín ìṣẹ́jú 3 sí 5, okùn èéfín tẹ́ẹ́rẹ́ á jáde níbẹ̀. Bó bá ti jáde, ẹ dé e, ẹ fi ìyẹ̀fun pípò dí etí rẹ̀, kí ẹ sì mú iná wá sílẹ̀ dé ibi tó kéré díẹ̀ sí àárín. Láti ìgbà yìí ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú: 20 sí 25 fún ewúrẹ́. Kò sí ohun tí a fẹ́ wò nínú rẹ̀, nítorí náà ẹ má ṣí i. Imú ló ń ṣọ́ ọ. Òórùn tó ń jáde gbọ́dọ̀ jẹ́ òórùn igi. Bó bá ti di èyí tó ń ta ojú, tó ń ha ọ̀nà ọ̀fun, iná ti pọ̀ jù, ẹ sì gbọ́dọ̀ pa á lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí àkókò bá pé, ẹ pa iná, kí ẹ fi ìkòkò sílẹ̀ ní dídé fún ìṣẹ́jú 10 kí èéfín inú rẹ̀ lè bà sílẹ̀. Ẹ wá gbé e lọ sẹ́bàá fèrèsé kí ẹ tó ṣí i.

Ẹran tí ẹ óò rí níbẹ̀ á ti pupa rúsúrúsú, eteetí rẹ̀ á ti ká kò, òórùn rẹ̀ á sì máa tan èèyàn jẹ pé ó ti jinná. Tútù ni inú rẹ̀ wà. Kò gbọ́dọ̀ sùn lórí tábìlì, kò sì gbọ́dọ̀ dúró de ìrọ̀lẹ́. Tààrà sínú iná jẹ́jẹ́ ni.

Iná jẹ́jẹ́

Ohun tó ń mú ẹran yi ni collagen, tó wà nínú iṣan àti nínú awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó so ẹran pọ̀ mọ́ egungun. Ní nǹkan bíi 60°C, ó máa ń sún kì, á sì fún omi jáde nínú ẹran, ìdí nìyẹn tí ẹran tí a sè fún ìṣẹ́jú 40 fi máa ń le ju bó ṣe wà ní tútù lọ. Láti 70°C lọ sókè, bí a bá fún un ní àkókò tó pọ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ di gelatin, ohun kan náà tó ń mú kí omi bòkòtò dì nínú fíríìjì. Ìgbóná tí a ń lé nínú ẹran tó yi ni 90°C sí 95°C ní àárín rẹ̀. Bí ẹ bá lè ra tẹmómítà tí a ń gún mọ́ ẹran, owó yín kò ṣòfò. Bí kò bá sí, ẹ fi fọ́ọ̀kì gún un, kí ẹ sì yí i. Tó bá yí láìjà, ó ti tó.

Nínú ófùnù, ẹ tẹ́ àlùbọ́sà tí a gé gbọ̀ọ̀rọ̀ sínú tíréè, kí ẹ fi ata ilẹ̀, aáyù, táìmù àti ata rodo díẹ̀ sí i, kí ẹ da omi bíi mílílítà 200 sí abẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì to ẹran sórí àlùbọ́sà náà. Ẹ fi fóìlì onípele méjì bò ó pinpin. Ní 140°C, itan ewúrẹ́ yìí yóò gbà tó wákàtí mẹ́ta àbọ̀ sí mẹ́rin. Ọ̀pọ̀ ófùnù onígáàsì tí à ń lò nílé kò ní nọ́ńbà tó ṣe é gbọ́kàn lé, iná wọn tó kéré jù lọ sì lè kọjá 160°C; tẹmómítà kékeré tí a ń fi kọ́ inú ófùnù ni yóò sọ òtítọ́. Bó bá gbóná jù, ẹ fi omi kún ti tíréè, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ ẹ́ wò láti wákàtí méjì àbọ̀.

Lórí gáàsì, ojú iná tó kéré jù ni kí ẹ lò, kí ẹ sì fi irin pẹrẹsẹ kan sáàárín iná àti ìkòkò kó lè pín ooru kiri. Omi náà kò gbọ́dọ̀ hó kùtùkùtù. Ojú rẹ̀ ni kó máa gbọ̀n, kí ìfófòó máa yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹran tí omi ń hó lé lórí fún wákàtí mẹ́ta á di òwú, á já sí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, síbẹ̀ á gbẹ lẹ́nu, nítorí pé ooru ti fún gbogbo omi inú rẹ̀ jáde; a kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná, a kì í sì í fi í sè é. Ẹ máa wo omi rẹ̀ ní ìṣẹ́jú 45 sí ìṣẹ́jú 45.

Ìkòkò oníná mànàmáná tí wọ́n ṣe fún sísè pẹ́ rọrùn jù nínú gbogbo rẹ̀, pàápàá fún ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ má gbé ẹran dídì sínú rẹ̀, nítorí pé á pẹ́ jù láàárín ìgbóná tí kòkòrò àrùn fẹ́ràn. Ẹ kún un dé ìdajì tàbí ìdá méjì nínú mẹ́ta, ẹ lo iná gíga fún wákàtí àkọ́kọ́, kí ẹ wá mú un wá sílẹ̀ fún wákàtí 6 sí 7. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣí i wò, ẹ ti fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 kún àkókò rẹ̀. Nílé, ẹni tó bá ń lò ó gbọ́dọ̀ ní ètò fún ìgbà tí wọ́n bá mú iná lọ. Bí ẹ bá wà nílé, ẹ dà á sínú ìkòkò gáàsì lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá dé láti ibi iṣẹ́ tí ẹ rí i pé iná ti lọ, tí ẹ kò sì mọ ìgbà tó lọ, ẹ dà á nù, bó ti wù kó máa ta sánsán tó. Ó dun ni, mo mọ̀, pàápàá ní owó tí wọ́n ń ta ẹran lónìí.

Bí ewúrẹ́ náà bá ti rọ̀, ẹ jẹ́ kó sinmi fún ìṣẹ́jú 20 kí ẹ tó ya á kúrò lára egungun ní ègé ńláńlá. Ẹ fi òróró díẹ̀ sínú agbada, ẹ da ata rodo gígún àti àlùbọ́sà sí i, ẹ jẹ́ kí omi rẹ̀ gbẹ, kí ẹ wá da ẹran sí i lórí iná tó le fún ìṣẹ́jú 4 sí 5, títí eteetí rẹ̀ yóò fi máa ta pàrà. Omi tó kù nínú tíréè kò ṣeé dà nù: ẹ ré ọ̀rá orí rẹ̀, kí ẹ wọ́n ṣíbí mẹ́ta rẹ̀ sí ẹran náà ní ìparí.

Adìyẹ àti igẹ̀ màlúù

Adìyẹ àgbà tí kò yé mọ́ ni kí ẹ fún ní irú ìtọ́jú yìí: èéfín ìṣẹ́jú 20, lẹ́yìn náà wákàtí 2 àbọ̀ sí 3 lórí iná jẹ́jẹ́. Adìyẹ àgric ọ̀dọ́ kò nílò rẹ̀, á kàn fọ́ ni. Lẹ́yìn èéfín ìṣẹ́jú 15, ẹ gbé e sínú ófùnù tó gbóná tó 180°C láìbò ó fún ìṣẹ́jú 30 sí 35, títí àárín itan rẹ̀ yóò fi dé 74°C, tí awọ rẹ̀ yóò sì le.

Igẹ̀ màlúù ló ń dán sùúrù wò jù. Kílò 2 rẹ̀ lè gba èéfín ìṣẹ́jú 30 àti wákàtí 5 sí 6 ní 130°C. Bí ẹ bá sè é láìbò, ẹ óò rí i pé tẹmómítà á gòkè dáadáa títí dé bíi 68°C, á wá dúró gbọnin fún wákàtí kan, méjì, bíi pé ófùnù ti kú. Ófùnù kò kú. Omi tó ń gbẹ lára ẹran ló ń tù ú, gẹ́gẹ́ bí òógùn ṣe ń tu ara. Ẹ má fi iná kún un. Ẹ fi fóìlì wé e pinpin, omi kò ní rí ọ̀nà gbẹ mọ́, ìgbóná á sì máa gòkè lọ. Àwọn tó ń wá òrùka pupa abẹ́ awọ ẹran, èyí tí àwọn ará Texas máa ń fi yangàn, kò ní rí i tó bẹ́ẹ̀ nínú ìkòkò, nítorí pé ó gba ọ̀pọ̀ wákàtí nínú èéfín igi kó tó yọ. Kò ní adùn kankan nínú, àwọ̀ lásán ni.

Àwọn ìmọ̀ràn mìíràn tó ń lọ láti ẹnu dé ẹnu

Ọ̀kan wà tó yẹ kí a dá dúró kíákíá, ìyẹn ni fífi paracetamol sínú ìkòkò kí ẹran lè tètè rọ̀. Àjọ NAFDAC ti kìlọ̀ fún àwọn èèyàn nípa rẹ̀, nítorí ewu tó wà níbẹ̀ fún ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín. Ìbẹ́pẹ tí kò tíì pọ́n ní tirẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Oje rẹ̀ ní papain, tó ń já okùn ẹran. Ṣùgbọ́n ojú ẹran nìkan ló ń dé, bó bá sì pẹ́ jù, ojú náà á dà bí ẹ̀kọ nígbà tí inú ṣì yi. Ìṣẹ́jú 30 ti tó, ẹ sì fọ̀ ọ́ kúrò kí ẹ tó fi iyọ̀ sí i. Ẹni tó bá ní wákàtí mẹ́rin kò nílò rẹ̀.

Omi èéfín tí wọ́n ń tà nínú ìgò kì í ṣe ẹ̀tàn bí àwọn kan ṣe rò: èéfín igi gidi ni wọ́n mú tutù, tí wọ́n sì kó sínú omi. Ìdajì ṣíbí ìpotíì fún ìkòkò kan ti pọ̀ tó, ẹni tí aago èéfín ilé rẹ̀ kò sì gba ẹ̀rún igi rárá lè fi ṣe tirẹ̀. Ní tèmi, ata Kamẹrúùnù tó dúdú dáadáa, pẹ̀lú orí ẹja yíyan kan tí a fi sábẹ́ ẹran nínú iná jẹ́jẹ́, sàn jù ú lọ, torí pé ó ń mú adùn mìíràn wá pẹ̀lú èéfín.

Ìtọ́jú lẹ́yìn oúnjẹ

Èéfín ìṣẹ́jú 20 kì í pa ẹran mọ́ kó má bàjẹ́ bí ti ẹran gbígbẹ tó lo ọjọ́ mẹ́ta lórí ààrò, torí omi ṣì kún inú rẹ̀. Láàárín wákàtí méjì tó kúrò lórí iná, tàbí wákàtí kan bí ooru bá mú kọjá 32°C, kó ti wọ fíríìjì, nínú abọ́ tí kò jìn kó lè tètè tutù. Ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin ló lè lò níbẹ̀. Èyí tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, inú fírísà ni. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ jẹ ẹ́, ẹ gbé e kaná pẹ̀lú omi rẹ̀ díẹ̀ títí inú rẹ̀ yóò fi gbóná dé 74°C.

Ẹ̀rún igi inú fóìlì lè dúdú, kó tutù lójú, kí iná ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ da omi sí i kí ẹ tó ká fóìlì náà, kí ẹ sì jẹ́ kó wà nínú síǹkì títí di ọjọ́ kejì kó tó wọ inú ike pàǹtí. Ìkòkò náà, ọṣẹ dúdú àti omi gbígbóná ti tó o. Àwọ̀ tí kò bá jáde lára rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀, kí ẹ kàn ya ìkòkò yẹn sọ́tọ̀ fún èéfín.